Bí A Ṣe Ń Pààrọ̀ Sàlẹ́ńsà Ọkọ̀ Àtijọ́ Tí Ìpẹtà Ti Jẹ

Ariwo ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ tú àṣírí sàlẹ́ńsà tí ìpẹtà ti jẹ. Ọkọ̀ tí kì í pariwo tẹ́lẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ramúramù bí ẹ bá ti tẹ iná fún un, bí ẹ bá sì wo abẹ́ rẹ̀, ẹ óò rí ihò tàbí ibi tí èéfín ti kun ara irin ní dúdú. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ náà falẹ̀. Gáàsì carbon monoxide tó wà nínú èéfín kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pani. Bí ó bá ń jò lábẹ́ ọkọ̀ àtijọ́ tí ilẹ̀ búùtù rẹ̀ náà ti lu, ó lè gba ibẹ̀ wọlé bá àwọn tó jókòó sínú ọkọ̀.

Láti inú ni ìpẹtà ti sábà ń bẹ̀rẹ̀. Bí epo bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, omi máa ń bá èéfín jáde, bí ọkọ̀ kò bá sì rìn jìnnà tó láti mú páìpù gbóná dé ìparí rẹ̀, omi náà yóò dúró sínú sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn, yóò máa jẹ irin díẹ̀díẹ̀. Ti àwọn tòkunbọ̀ tó wá láti ibi tí yìnyín ti ń bọ́ tún le jù, nítorí iyọ̀ tí wọ́n máa ń dà sójú títì níbẹ̀ nígbà òtútù ti jẹ abẹ́ ọkọ̀ àti gbogbo nọ́ọ̀tì rẹ̀ kí ó tó wọ orílẹ̀-èdè wa.

Ẹ jẹ́ kí a fi Toyota Corolla ayé 1990 ṣe àpẹẹrẹ. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, nọ́ọ̀tì méjì tó ní sípíríìǹgì ni ó so sàlẹ́ńsà ẹ̀yìn mọ́ páìpù àárín, gáskẹ́ẹ̀tì róbótó, ìyẹn òrùka tó ń dí èéfín kí ó má baà jò, wà láàárín àwọn méjèèjì, rọ́bà ni ó sì gbé sàlẹ́ńsà kọ́ sábẹ́ ọkọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé wẹ́dà ti jó gbogbo rẹ̀ pọ̀ lára ọkọ̀ tiyín, ẹ gbé e lọ bá wẹ́dà. Iná jíjó nítòsí táńkì epo kì í ṣe iṣẹ́ ilé.

Ẹ jẹ́ kí ọkọ̀ tutù pátápátá, ó kéré tán fún wákàtí mélòó kan. Ẹ gbé e sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le, ẹ fa háńdì-búréèkì, ẹ fi igi dí táyà iwájú méjèèjì, kí ẹ tó fi jáàkì gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè. Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ má fi ṣeré rárá nìyí: jáàkì wà fún gbígbé ọkọ̀ ni, kò sí fún kí ènìyàn sùn sábẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ irin méjì tó lágbára (èyí tí wọ́n ń pè ní axle stand) ni kí ọkọ̀ dúró lé, ní ojú ibi tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe é là sílẹ̀ fún un. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò lè fọ́ lójijì láìṣe àmì kankan tẹ́lẹ̀. Ẹ ti ọkọ̀ náà dáadáa láti ẹ̀gbẹ́. Bí ó bá mì, ẹ tún un tò kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ àti awò tó bo ojú, nítorí ìpẹtà yóò máa já bọ́ lé yín lójú.

Nọ́ọ̀tì ni iṣẹ́ gan-an. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú wọn, ẹ fọ́n WD-40 tàbí irú epo bẹ́ẹ̀ sí wọn, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Bí ó bá lè di ọjọ́ kejì, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ni kí ẹ lò, nítorí sípánà tí kò bá a mu yóò jẹ igun nọ́ọ̀tì dànù. Nọ́ńbà 14 ni ó sábà máa ń bá ti Corolla mu. Bí ó bá ti yí díẹ̀, ẹ dá a padà díẹ̀, kí ẹ tún tú u, ẹ máa ṣe é bẹ́ẹ̀ lọ títí yóò fi jáde. Bí ó bá kọ̀ jálẹ̀, ẹ fi ayùn irin gé e, kí ẹ sì fi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ẹ má lo gíráńdà níbẹ̀, nítorí ẹ̀ta iná rẹ̀ lè fò dé ibi táńkì epo.

Kí nọ́ọ̀tì ìkẹyìn tó jáde, ẹ fi pákó gbé sàlẹ́ńsà dúró kí ó má baà jábọ́ lù yín. Omi ọṣẹ ni kí ẹ fi yọ rọ́bà. Epo bẹntiróòlù àti ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì máa ń ba rọ́bà jẹ́. Èyí tó bá ti ya nínú wọn, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ tẹ́ ògbólógbòó àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ wo gígùn wọn, fífẹ̀ ẹnu páìpù, àti ibi tí irin ìfikọ́ wà. Ẹ ha ẹnu páìpù àárín mọ́, ẹ sì fi gáskẹ́ẹ̀tì tuntun sí i, nítorí èyí tó ti fún pọ̀ rí kì í dí èéfín dáadáa mọ́. Ẹ kọ́ sàlẹ́ńsà sórí rọ́bà, ẹ fi ọwọ́ bẹ̀rẹ̀ nọ́ọ̀tì méjèèjì, kí ẹ wá máa fún wọn díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fún ọ̀kan díẹ̀, kí ẹ tún fún èkejì díẹ̀, kí ẹnu páìpù lè bára mu dọ́gba. Ẹ mi sàlẹ́ńsà: kò gbọdọ̀ kan táńkì, báńpà tàbí ilẹ̀ ọkọ̀.

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, kí ẹ tan án ní gbangba, kì í ṣe nínú gáréèjì tó ní ilẹ̀kùn pípadé. Èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ lè máa jáde lára irin tuntun fún ìṣẹ́jú díẹ̀, nítorí ọ́ìlì tí wọ́n fi pa á lára ní ilé-iṣẹ́. Ẹ fetí sí ojú ìsopọ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ìró bíi pé afẹ́fẹ́ ń jò, ẹ pa ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí ó tutù, kí ẹ tún nọ́ọ̀tì fún. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti wà á fún ọjọ́ mélòó kan, ẹ tún wọn yẹ̀ wò nígbà tí ọkọ̀ bá tutù.