Bí A Ṣe Ń Fi Ìrìn Ọjọ́ Mẹ́ta Dán Ara àti Kẹ̀kẹ́ Wò Kí Ìrìn-Àjò Gígùn Tó Dé

Ẹni tó bá ń gbèrò láti gun kẹ̀kẹ́ ológeere láti Ìbàdàn dé Kétu, kó sì tibẹ̀ lọ sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), tí méjèèjì wà ní orílẹ̀-èdè Benin, ní láti kọ́kọ́ lọ sùn sẹ́yìn odi. Àwa tí a máa ń gun kẹ̀kẹ́ láàárọ̀ Sátidé mọ bó ṣe ń rẹni lẹ́yìn wákàtí mẹ́ta. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni a ò mọ̀: itan ń ro, ìdí ń ta, ẹrù sì tún wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ tó ń dúró deni. Torí àárọ̀ yẹn la ṣe ń ṣe ìrìn ìdánwò.

Ẹ yan ọjọ́ àti ọ̀nà. Ẹ ṣe é ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣáájú, kí àyè lè wà láti tún ohun tó bá bàjẹ́ ṣe. Fún ará Ìbàdàn, mo fẹ́ràn ọ̀nà tó yípo yìí: Mọ́níyà sí Ọ̀yọ́, bíi kìlómítà 40, Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn, bíi 40 náà, Ìsẹ́yìn padà sí Mọ́níyà, bíi 65. Èyí tó gùn jù ló kẹ́yìn, nígbà tó ti rẹ ara, bẹ́ẹ̀ náà ló sì ṣe máa ń rí nínú ìrìn-àjò gan-an. Ọkọ̀ wà ní ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí nǹkan bá yíwọ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ ní gáréèjì bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ máa sùn fún ará ilé.

Ẹ di ẹrù náà pátá. Ohun gbogbo tí ẹ máa kó lọ Àjàṣẹ́ ni kí ẹ kó lọ Ọ̀yọ́. Ẹ má ṣe fi ìdajì sílẹ̀ nítorí pé ìdánwò ni. Kẹ̀kẹ́ tó ru kìlógíráàmù 15 kì í yà ní kọ́nà bí èyí tó ṣófo, kì í sì í tètè dúró. Ẹ jẹ́ kí ọ̀tún àti òsì dọ́gba, kí ohun tó wúwo wà nísàlẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ló ń ru ẹrù jù, níbẹ̀ sì ni sípóòkù, ìyẹn àwọn wáyà tín-ín-rín inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ti sábà máa ń já, nítorí náà kí ẹni tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe bá yín di wọ́n le dáadáa. Ẹ mú sípóòkù díẹ̀ tó bá a mu dání, pẹ̀lú túùbù méjì, pọ́ńpù àti sípánà. Fọganáísà wà lójú ọ̀nà, àmọ́ irú túùbù yín lè má sí lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ kìíní. Ẹ gbéra ní aago mẹ́fà, kí oòrùn tó mú. Ọkọ̀ ńlá máa ń gba ọ̀nà Ọ̀yọ́. Bí ẹ bá gbọ́ ọ lẹ́yìn, tí ààyè ò sì sí, ẹ kúrò lórí títì. Ẹ máa mu omi díẹ̀díẹ̀ kí òùngbẹ tó gbẹ yín, ẹ jẹun kí ebi tó pa yín. Ní Fìdítì, ẹ dúró ra ọsàn. Tí ẹ bá dé Ọ̀yọ́, ẹ fọ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́, ìyẹn ṣòkòtò tí ẹ fi ń gun kẹ̀kẹ́, kí ẹ tó wá àmàlà lọ.

Ọjọ́ kejì. Kí ẹ tó gùn ún, ẹ yẹ ara yín wò. Bí iwájú orúnkún bá ń dùn, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó ti lọ sílẹ̀ jù. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ó lè ti ga jù. Ẹ sún un díẹ̀ péré, ẹ gùn ún fún wákàtí kan, kí ẹ tó tún un sún. Bí ìka bá kú, ẹ ti gbé ara lé ọwọ́ jù: ẹ wò ó bóyá imú ìjókòó ti dorí kodò. Ní ti ìdí tó bó, òrí ni kí ẹ fi pa á, ẹ má sì wọ pátá sábẹ́ ṣòkòtò kẹ̀kẹ́, torí ojú rírán pátá ló ń họ awọ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ di gbogbo bóòtù káríà le, nítorí pé gbígbọ̀n ojú ọ̀nà máa ń tú wọn. Ẹ lo gíà tó fúyẹ́ lórí òkè, kí ẹsẹ̀ máa yí kíákíá, kó má máa tì í tipátipá.

Ní Ìsẹ́yìn, ẹ lọ wo àwọn tó ń hun aṣọ òkè, àmọ́ ẹ tètè sùn.

Ọjọ́ kẹta. Ẹ má sáré torí pé ilé ti sún mọ́. Ẹ pín 65 náà sí mẹ́ta, ẹ sinmi láàárín.

Nígbà tí ẹ bá délé. Ẹ tú ẹrù sílẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun tí ẹ kò fọwọ́ kàn fún ọjọ́ mẹ́ta, yàtọ̀ sí irinṣẹ́, oògùn àti aṣọ òjò, kó dúró sílé. Ẹ kọ ohun tó tú, ohun tó já àti ohun tí ẹ wá tí ẹ kò rí sílẹ̀, kí ẹ gbé kẹ̀kẹ́ lọ fún àtúnṣe lọ́sẹ̀ yẹn. Bí orúnkún bá ṣì ń dùn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ sún ọjọ́ ìrìn-àjò síwájú, kí ẹ tún gun Ọ̀yọ́ sí Ìsẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ẹ tó kọjú sí ẹnubodè.