Bẹ́ẹ ṣe máa ṣètò ọjọ́ iṣẹ́ àánú àti ìgbafẹ́ láàárín ìrìnàjò kẹ̀kẹ́

Àwọn tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sọ́nà jíjìn láti fi kówó jọ fún iṣẹ́ àánú sábà máa ń ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró síbì kan, wọ́n á bá àwọn ará ibẹ̀ ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́, wọ́n á sì tún yà wo ibi tó dùn ún wò. Ó dáa gan-an, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ ìsinmi kọ́ nìyẹn o. Ẹni tó bá pè é ní ìsinmi, orókún ẹ̀ ló máa dá a lóhùn láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Àkọ́kọ́, ẹ pe àwọn tẹ́ẹ fẹ́ ràn lọ́wọ́ ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ṣáájú, kẹ́ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni wọ́n nílò, torí tẹ́ẹ bá kó ogún èèyàn lọ síbi tí ṣọ́bìrì mẹ́jọ wà, àwọn tó kù á kàn máa ya fọ́tò kiri ni. Ẹ bi wọ́n bóyá fọ́ọ̀mù wà tẹ́ẹ máa buwọ́ lù, ẹ bi wọ́n nípa ọjọ́ orí náà. Ẹgbẹ́ Habitat for Humanity tó ti ń kọ́lé fáwọn èèyàn láti 1976, ní Amẹ́ríkà wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí ò tíì pé ọdún 16 wọ ibi tí ilé kíkọ́ ti ń lọ lọ́wọ́. Kẹ́ẹ sì jẹ́ káwọn fúnra wọn yan iṣẹ́, ẹ má lọ gbé iṣẹ́ tó wù yín lé wọn lórí.

Aṣọ àti bàtà ńkọ́? Bàtà kẹ̀kẹ́ tó ní irin lábẹ́ yẹn máa ń yọ̀ lórí àkàbà, ẹ di bàtà tó bo ẹsẹ̀ dáadáa sínú ẹrù. Ìbọ̀wọ́ kẹ̀kẹ́ tí ò ní ìka ò wúlò níbi ìṣó. Akoto kẹ̀kẹ́ náà, torí ìṣubú ni wọ́n ṣe ṣe é, kì í ṣe torí búlọ́ọ̀kù tó já bọ́ látòkè, akoto àwọn tẹ́ẹ lọ ràn lọ́wọ́ ni kẹ́ẹ gbà dé. Abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì ńkọ́, tó bá ti lé lọ́dún 10 tẹ́ẹ gbà á, ẹ lọ gba òmíì kẹ́ẹ tó kúrò nílé.

Iṣẹ́ gan-an, àárọ̀ ni kẹ́ẹ ṣe é. Ẹ̀yìn tó ti tẹ̀ sórí kẹ̀kẹ́ fọ́jọ́ mélòó kan ò fẹ́ gbé ẹrù òjijì, torí náà orókún ni kẹ́ẹ tẹ̀ tẹ́ẹ bá fẹ́ gbé nǹkan, kẹ́ẹ sì máa pààrọ̀ iṣẹ́ láàárín ara yín ní wákàtí-wákàtí. Ẹni tí ọmọńdinrín ọwọ́ ẹ̀ ti ń kú torí bó ṣe ń fọwọ́ tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ẹ má fún un ní òòlù, ẹ fún un ní búrọ́ọ̀ṣì kó máa kun ògiri. Ẹ máa mumi o, bí ò tiẹ̀ sí oòrùn. Ẹ má sì ya fọ́tò ẹnikẹ́ni, àgàgà ọmọdé, láìgbàṣẹ.

Tó bá di bí aago méjì, ó tó, ẹ lọ wẹ̀, ẹ jẹun, kẹ́ẹ wá lọ gbafẹ́. Ibì kan ṣoṣo ni kẹ́ẹ mú, kẹ́ẹ sì ti wo ọjọ́ tí wọ́n ń ṣí i, torí Louvre gan-an, ilé ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà sí ní Paris, wọn kì í ṣí i lọ́jọ́ Túsìdeè. Ibi tó ní àtẹ̀gùn gígùn, ẹ fi í sílẹ̀ jàre: àtẹ̀gùn tó lọ sí àjà kejì Eiffel Tower, ilé gogoro onírin tó wà ní Paris, nìkan jẹ́ 674! Èmi ò rí ibi tó dáa tó etí omi tàbí ọkọ̀ ojú omi tẹ́ẹ máa jókòó sí. Tẹ́ẹ bá gbé kẹ̀kẹ́ dání, ẹ fi àgádágodo kọ́ férémù àti táyà ẹ̀yìn pọ̀ mọ́ irin tó dúró gbọn-in, kẹ́ẹ yọ iná àti gbogbo nǹkan tó rọrùn láti yọ.

Lálẹ́, ẹ nu ṣéènì, ẹ fún táyà láfẹ́fẹ́, ẹ tètè sùn. Ọ̀nà tẹ́ẹ máa rìn lọ́jọ́ kejì gbọ́dọ̀ kúrú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, kẹ́ẹ sì lo jíà tó fúyẹ́ fún wákàtí àkọ́kọ́, ẹni tó bá fẹ́ sáré ṣáájú ẹ jẹ́ kó máa lọ, ẹ máa bá a lórí òkè.