Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Wẹ́wẹ́: Ẹ Ṣírò Owó Ọ̀pá Kí Ẹ Tó Ṣírò Èrè

Bí ìjì àkọ́rọ̀ òjò bá ti ń jà ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, láti Ọ̀ffà dé Òmù-Àrán, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti so ló ń wó jù. Ohun kan náà la ń bá ní oko bẹ́ẹ̀: kò sí ọ̀pá ìtì, ìyẹn ọparun tí a fi ń ti ọ̀gẹ̀dẹ̀ kó má bàa wó. Olóko ra ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó san owó alágbàṣe, ó wá ń ṣọ́ owó ọparun ná. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí a gbìn ní oṣù karùn-ún, àárín ìjì yìí gan-an ni ìdì rẹ̀ máa ń gbó.

Fún éékà kan, ní mítà 3 sí mítà 3, kòtò 450 ni. Ẹ ra ọmọ 500, kí ẹ lè rí èyí tí ẹ ó fi dípò èyí tó bá kú. Ìgbẹ́ adìyẹ tó ti jẹrà, kílò 5 sí kòtò kọ̀ọ̀kan: àpò oníkílò 50 márùndínláàádọ́ta. Ọ̀pá méjì fún ìdí kọ̀ọ̀kan: 900, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn tó mítà 3 ó kéré tán. Ẹ ti gé wọn sílẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Gbàrà tí ìdì bá yọ ni kí ẹ fi ọ̀pá ti ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ má dúró dìgbà tó bá tẹ̀. Apá ibi tí ìdì dà sí ni ọ̀pá ń wà. Ẹ rì wọ́n sílẹ̀, kí ẹ gbé orí wọn kọ́ra bí ẹnu àlùmọ́gàjí lábẹ́ ọrùn ìdì, kí ẹ so ó. Kó má fara kan èso.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó bá wó tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, kòkòrò ló sábà máa ń ti jẹ gbòǹgbò rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá ń gbìn, ẹ bó ìdí ọmọ náà mọ́ tónítóní, ẹ rì í sínú omi híhó fún ìṣẹ́jú-àáyá 30. Omi lásán ni, kò sí àwáwí.

Ẹ má fi ìdì 450 ṣírò èrè. Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló ń dé ìkórè; 350 ni kí ẹ lò. Ká ní gbogbo ìnáwó, títí kan iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ yín àti owó ọ̀pá, jẹ́ ₦900,000, tí ìdì kan ń lọ ní ₦3,000 lóko. Ìdì 300 àkọ́kọ́ kàn ń dá owó padà ni. Èrè wà nínú 50 tó kù: ₦150,000. Bí ìjì bá wó 60 péré nínú 350 yẹn, gbèsè ₦30,000 ló dé yẹn.

Lọ́dún kejì, ẹ kò ní ra ọmọ, ẹ kò sì ní gbẹ́ kòtò. Ìgbà yẹn ni èrè ń pọ̀, bí ẹ bá dá ọmọ kan ṣoṣo sí nídìí ìyá, tí ẹ ń gé ìyókù ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà-mẹ́fà. Ẹ kó ọ̀pá sábẹ́ òrùlé, kí ikán má bà á jẹ́.