Bí mo ṣe di alájọ nítorí àpáta

Nígbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù pé à ń dáwó jọ kí ibi tí a ti ń gun àpáta má baà bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ṣé òkè Ìdànrè ò tó ẹ gùn kó o tó relé òyìnbó ni?" Ẹ̀rín ni mo fi dá wọn lóhùn. Òótọ́ ni pé Kentucky, ní Amẹ́ríkà, ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn mọ́ ìbàdí gun òkúta.

Muir Valley lorúkọ ibẹ̀, ní agbègbè Red River Gorge. Òkúta ibẹ̀ kún fún ihò wẹ́wẹ́. Ìka méjì péré ni òmíràn ń gbà, tó o bá sì ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, àdúrà ni kí agbọ́n má ti ṣáájú rẹ débẹ̀. Ilẹ̀ onílẹ̀ ni, kì í ṣe ti ìjọba. Tọkọtaya kan, Rick àti Liz Weber, ló ra á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó eékà 400, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ayé láti 2004. Kó o ṣáà ti fọwọ́ sí ìwé pé tó o bá ṣèṣe, o ò ní pè wọ́n lẹ́jọ́.

Nígbà tó yá tí wọ́n fẹ́ gbé ẹrù náà sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ní àwọn ò ní tà á. Àwọn á fi ta Friends of Muir Valley lọ́rẹ, ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ti èrè tó ń tọ́jú ibẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ní 200,000 dọ́là nílẹ̀. Àwọn kan kùn sí i. Ní tèmi, mi ò rí àléébù níbẹ̀. Ilẹ̀ tí wọ́n fún ọ lọ́fẹ̀ẹ́ ṣì ń jẹ owó: owó orí wà, ìbánigbófò wà, òjò ń gbá ọ̀nà mọ́tò lọ, àwọn irin tí a ń fi okùn kọ́ lára àpáta sì ń dípẹtà.

Bí òyìnbó ṣe ń ṣe é ni mo kọ́kọ́ ṣe é. Mo tẹ bébà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri jímù tí a ti ń ṣe ìdánrawò, mo gbé ike kan sídìí rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì mo tú ike: dọ́là 11 àti bọ́tìnnì kan.

Ìgbà yẹn ni mo rántí alájọ ọjà wa nílé. Alájọ kì í gbé àpótí síbì kan kó máa retí èèyàn. Òun ló ń wá ọ wá sídìí àtẹ, á pe orúkọ rẹ, á ṣí ìwé, á na bírò sí ọ. Mo ra ìwé kékeré kan, mo fa ìlà sí i: orúkọ èèyàn 16, èmi náà wà níbẹ̀, ọ̀sẹ̀ 10, dọ́là 5 lọ́sẹ̀. Gbogbo alẹ́ Ọjọ́bọ̀ ni mo ń ká wọn mọ́bẹ̀, ẹfun tí a ń fi pa ọwọ́ kó má baà yọ̀ lára àpáta ṣì funfun lọ́wọ́ wọn.

Ojú kọ́kọ́ ń tì wọ́n. Ọ̀kan fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní òun á san dọ́là 50 lẹ́ẹ̀kan náà, kí n ṣáà má pe orúkọ òun mọ́. Mo gbà á, mo sì fa ìlà gbọọrọ kan já gbogbo àyè rẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta mo ṣe àṣìṣe. Àwọn méjì kọ sọ̀wédowó, orúkọ tèmi ni wọ́n kọ sí i, mo sì fi sápò. Obìnrin kan tó mọ̀ nípa owó orí ló ta mí lólobó: ẹni tó bá fi owó ta irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ́rẹ lè yọ ọ́ nínú ìṣirò owó orí rẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá gba inú àkáǹtì mi kọjá, ọrẹ tèmi nìyẹn. Mo dá méjèèjì padà. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá fẹ́ rìsíìtì á kọ sọ̀wédowó sí orúkọ ẹgbẹ́. Owó ọwọ́ tó kù, èmi àti obìnrin náà la jọ ń kà á, a ó sì jọ fọwọ́ sí i.

Ẹnì kan fi ìka ṣèṣe ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, a ò rí i mọ́. Dọ́là 25 tó kù lórí rẹ̀, èmi ni mo san án, torí ojú ìwé tó ṣófo ń bí mi nínú. Ó pé 800. Ká má parọ́, ife omi kan nínú odò ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń bu ife tiwọn dà sí i, odò náà sì kún. Ní 2015, ilẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́.

Mo pe màámi. Wọ́n ní, "Ilẹ̀ ọ̀hún ti wá di tiyín?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Ìwé ilẹ̀ ńkọ́?" Mo gbé rìsíìtì sójú fóònù kí wọ́n rí i. Wọ́n wò ó títí.

"Èyí kì í ṣe ìwé ilẹ̀."