Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ ní Ọ̀sẹ̀ Àkọ́kọ́ Tí A Bá Lọ Kí Àwọn Ọ̀rẹ́ ní Ilẹ̀ Faransé

Ẹni tó bá fẹ́ lo oṣù méjì nílẹ̀ Faransé, tó fẹ́ máa ti ilé ọ̀rẹ́ kan bọ́ sí òmíràn, ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni kó ṣọ́ jù. Ọ̀sẹ̀ yẹn lowó máa ń dà nù láìnídìí, òun náà sì ni ọ̀rọ̀ kékeré máa ń bọ́ sáàárín àlejò àti onílé. Mo ti rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ rí, láti oṣù kẹfà wọ oṣù kẹjọ: ọ̀rẹ́ kan lẹ́bàá Paris, ọ̀kan ní Lyon, ọ̀kan ní Bordeaux. Nínú àwọn àṣìṣe tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ṣe mélòó kan fúnra mi, ìyókù sì ṣojú mi.

Ìwé tí onílé gbọ́dọ̀ gbà

Èyí tó ṣáájú gbogbo wọn ni kí á pẹ́ kí á tó sọ fún ọ̀rẹ́ pé à ń bọ̀. Nílé wa, àlejò lè ṣàdédé gbé báàgì dé lọ́jọ́ Sátidé, a ó sì tẹ́ ẹní fún un. Ní Faransé, bí àlejò bá nílò físà, tó sì jẹ́ ilé ọ̀rẹ́ ló fẹ́ sùn, ọ̀rẹ́ náà ní láti lọ sí mairie, ìyẹn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ àdúgbò rẹ̀, kó lọ gba ìwé tí wọ́n ń pè ní attestation d'accueil. Wọ́n á béèrè iye tó ń wọlé fún un, wọ́n á wò ó bóyá ilé rẹ̀ gba àlejò, yóò sì san yúrò 30. Bí wọn ò bá tiẹ̀ fọwọ́ sí i, owó náà kì í padà. Ìwé yìí lè pẹ́ kó tó jáde, nítorí náà, ẹ má fi ìpè yín dìgbà tó ku ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn àgbà ní ojú àlejò la ti ń jẹ gbèsè, ẹ̀yìn rẹ̀ la ti ń san án. Ọ̀rẹ́ yín ò ní mẹ́nu ba yúrò 30 yẹn. Ẹ̀yin ni kí ẹ béèrè, kí ẹ sì fi lé e lọ́wọ́.

Ojúlówó ìwé yẹn, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà. Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé ìrìnnà wò lè bi yín léèrè rẹ̀ nígbà tí àpótí yín ò tíì sọ̀ kalẹ̀ rárá. Iye owó tí ẹ ní láti fi hàn pé ẹ ó máa ná lójúmọ́ náà so mọ́ ọn: yúrò 32.50 fún ẹni tó ní ìwé yìí, yúrò 120 fún ẹni tí kò ní in tí kò sì gba hòtẹ́ẹ̀lì sílẹ̀.

Ẹ tún fara balẹ̀ ka físà yín. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n iye ọjọ́ tí ẹ lè lò nílùú wà níbòmíràn lórí ìwé kan náà, òun lẹ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé. Físà lè wà fún oṣù mẹ́ta kó jẹ́ pé ọjọ́ 45 péré ni wọ́n fún yín nínú rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá lò lápapọ̀ ò sì gbọ́dọ̀ ju 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Ẹ̀yin ará wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú ìwé ìrìnnà Nàìjíríà, ẹ jọ̀ọ́, ìwé ìgbélùú Bírítéènì ò dípò físà Schengen, ìyẹn físà tí a fi ń wọ Faransé. Mo mọ ẹni tó ti sanwó ọkọ̀ ojú irin kó tó mọ èyí.

Ẹrù oúnjẹ

Ìfẹ́ ló ń mú kí á di oúnjẹ lọ fún ọ̀rẹ́, mi ò sì ní bẹnu àtẹ́ lu ìfẹ́. Ṣùgbọ́n òfin ilẹ̀ Yúróòpù ò gbà kí èrò gbé ẹran tàbí wàrà wọlé láti ilẹ̀ wa. Kìlíṣí wà nínú rẹ̀, pọ̀nmọ́ wà nínú rẹ̀, mílíìkì oníyẹ̀fun náà ò gbẹ́yìn. Obìnrin kan tí a jọ sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfurufú di pọ̀nmọ́ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ti fọ̀ ọ́ mọ́, ó ti sá a gbẹ, ó wé e sínú ike lọ́nà mẹ́ta kó má baà rùn. Àwọn aṣọ́bodè tú u lójú gbogbo wa, wọ́n sì kó o dà sínú garawa. Kò bá wọn jà. Ó kàn dúró, ó ń ká àwọn ọ̀rá tó ṣófo náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tò wọ́n padà sínú báàgì.

Iṣu tútù náà ò ṣeé gbé wọlé láìní ìwé àyẹ̀wò ohun ọ̀gbìn. Ẹja gbígbẹ ṣeé gbé, bí kò bá ti ju kílò 20 lọ. Gàrí àti èlùbọ́ ò ní wàhálà. Ẹni tó bá sì wà lẹ́bàá Paris ò fi bẹ́ẹ̀ nílò iṣu yín: bó bá wọ métro, ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, ìlà 4 dé ibùdókọ̀ Château Rouge, yóò rí iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ata rodo rà. Ohun tí kò ní rí rà níbẹ̀ ni èlùbọ́ tí ìyá rẹ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ sá. Ìyẹn ni kí ẹ gbé.

Kí n má gbàgbé: ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta onígun tí a ń kì bọ iná ní Nàìjíríà ò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn, ihò róbótó méjì ni tiwọn ní. Ẹ ra èyí tó ń so méjèèjì pọ̀ kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹ óò rí ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ tí ẹsẹ̀ yín balẹ̀

Nígbà òtútù, aago Èkó àti ti Paris dọ́gba. Nígbà ooru, tiwọn fi wákàtí kan ṣáájú. Èyí ló ń tan ọ̀pọ̀ wa jẹ tí a fi ń rò pé a ò nílò ìsinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tó fi gbogbo òru jókòó nínú ọkọ̀ òfurufú ti rẹ̀, bí aago bá dọ́gba bí kò dọ́gba. Ní oṣù kẹfà pẹ̀lú, oòrùn ò ní wọ̀ ní Paris títí tí yóò fi kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá alẹ́ lù, ara ò sì ní mọ ìgbà tó yẹ kó sùn. Ẹ wẹ̀, ẹ jẹun, ẹ sùn. Paris ò ní sá lọ.

Ẹ má tẹ̀ lé ẹnikẹ́ni tó bá wá bá yín nínú pápákọ̀ òfurufú pé òun ń wa takisí. Ìta ni takisí gidi ń tò sí, ìjọba ló sì ń fi iye lé owó rẹ̀ láti pápákọ̀ òfurufú Charles de Gaulle wọ Paris. Ní ọdún 2025, yúrò 56 ni sí apá ọ̀tún odò Seine, yúrò 65 sí apá òsì. Kò sí ìdúnàádúrà níbẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin RER B jẹ́ yúrò 13 lọ́dún yẹn. Ẹ pa tíkẹ́ẹ̀tì mọ́ títí ẹ ó fi jáde síta, nítorí wọ́n lè yẹ̀ ẹ́ wò nígbàkigbà, ìtanràn rẹ̀ sì wúwo.

Káàdì Navigo ti ọ̀sẹ̀ kan, èyí tí wọ́n fi ń wọ ọkọ̀ ní Paris, máa ń tan ọ̀pọ̀ àlejò jẹ. Kì í ṣe ọjọ́ méje láti ọjọ́ tí ẹ rà á. Mọ́ńdè ló ń bẹ̀rẹ̀, Sọ́ńdè ló ń parí. Ẹni tó bá rà á ní Tọ́sidé, ọjọ́ mẹ́rin ló rà. Àwọn méjì ò sì lè pín káàdì Navigo Easy kan, èyí tí wọ́n ń kó tíkẹ́ẹ̀tì sí, lò lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú gbọ́dọ̀ ní tirẹ̀.

Ilẹ̀kùn kan ní Lyon

Mo dé ibùdókọ̀ ojú irin Part-Dieu ní nǹkan bí aago mẹ́wàá kọjá lálẹ́. Ṣájà mi ò wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì inú ọkọ̀, fóònù mi sì ń kú lọ. Ọkàn mi balẹ̀ síbẹ̀, nítorí mo ti kọ orúkọ òpópónà àti nọ́ńbà ilé sí ìwé. Mo rí ilé náà. Ilẹ̀kùn onígi gíga kan ló wà níbẹ̀, ó tì gbọn-in, kò sí àgogo, kò sí ẹnikẹ́ni. Bàbà pẹlẹbẹ kan ló wà lára ògiri, ó ní bọ́tìnnì láti òdo dé mẹ́sàn-án. Òjò ń rọ̀ wìnnìwìnnì. Mo fẹ́ pe ọ̀rẹ́ mi, fóònù kú.

Obìnrin àgbàlagbà kan dé pẹ̀lú ajá rẹ̀. Ó bi mí pé ta ni mò ń wá. Mo dárúkọ ọ̀rẹ́ mi, orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Ó ní òun ò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀, ó wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn. Kò ṣẹ̀ mí. Èmi náà ò ní ṣílẹ̀kùn fún àjèjì lóru. Ìgbà tó tó bí ogójì ìṣẹ́jú ni ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó bóyá mo ti dé.

Bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀ nìyí. Ilé tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń gbé máa ń ní digicode, nọ́ńbà tí wọ́n ń tẹ̀ kí ilẹ̀kùn ìta tó ṣí. Ẹ bá wọlé tán, orúkọ ìdílé lẹ ó rí lára ẹ̀rọ ìpè, ẹ lè má rí nọ́ńbà yàrá kankan. Orúkọ ìyàwó ọ̀rẹ́ mi ló wà lára ti ilé wọn, mi ò sì mọ̀ ọ́n. Àjà kẹta tí wọ́n ń sọ náà, a ó gun àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀mẹta kí á tó dé e, torí wọn kì í ka ìsàlẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ béèrè nọ́ńbà ilẹ̀kùn, orúkọ ara ẹ̀rọ, àjà, àti ọwọ́ ọ̀tún tàbí òsì. Kí ẹ kọ ọ́ sórí bébà, kì í ṣe sínú fóònù nìkan.

Ọmọ Yorùbá tí kò kí ènìyàn

Èyí ló dùn mí jù lọ. Àwa tí a ní kíkí fún ẹni tó jókòó, fún ẹni tó dúró, fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, tí a bá dé Faransé, a ó wọ ilé búrẹ́dì, a ó sì nawọ́ sí baguette láìlanu. Lójú wọn, ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. "Bonjour" ló ń ṣáájú gbogbo nǹkan: lọ́dọ̀ awakọ̀ bọ́ọ̀sì, lọ́dọ̀ aládùúgbò tí ẹ bá pàdé lórí àtẹ̀gùn, ní yàrá tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, ó di "bonsoir". Bí Faransé tí ẹ gbọ́ ò bá ju ọ̀rọ̀ méjì yìí lọ, ẹ sọ ọ́ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èdè mìíràn.

Wọ́n ní "vous" àti "tu", bí a ṣe ní "ẹ" àti "o", nítorí náà ó yẹ kó yé wa kíá. Ibi tó ti ń ta kókó ni lọ́dọ̀ àwọn ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án tí ọ̀rẹ́ yín bí síbẹ̀ lè pè yín lórúkọ, kó sọ pé "tu", kó sì na ẹ̀rẹ̀kẹ́ sí yín fún ìfẹnukonu dípò kó kúnlẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ti Bordeaux jẹ́ ọmọ Porto-Novo, ó gbọ́ Yorùbá bí èmi, ó sì gbọ́ Faransé jù mí lọ. Ó sọ fún mi pé àlejò kan ti bá ọmọ òun wí lórí èyí lọ́jọ́ kejì tó dé, ọmọ náà ò sì súnmọ́ ọn mọ́ títí tó fi lọ. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀ yín. Ẹ̀kọ́ ìkúnlẹ̀, bí òbí rẹ̀ bá fẹ́ ẹ, yóò wá.

Nípa oúnjẹ, mi ò ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé oúnjẹ ò ní dáná mọ́ lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán títí di alẹ́. Ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ló ń tì ní Sọ́ńdè. Owó àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún yín ti wà nínú iye tí wọ́n kọ, omi ẹ̀rọ inú jọ́ọ̀gì sì jẹ́ ọ̀fẹ́ bí ẹ bá béèrè carafe d'eau. Bí wọ́n bá pè yín wá jẹun alẹ́ nílé, ẹ má tètè dé ju àsìkò lọ. Ẹ mú òdòdó lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe chrysanthème, nítorí ibojì ni wọ́n ń gbé e lọ.

Àti àdúrà òru. Ògiri ilé wọn fẹ́lẹ́, láti aago mẹ́wàá alẹ́ ni aládùúgbò sì ti lè pe ọlọ́pàá sí onílé nítorí ariwo. Ọlọ́run gbọ́ ohùn jẹ́jẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin

Ibùdókọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Gare de Lyon ò sí ní Lyon. Paris ló wà, ibẹ̀ la ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí Lyon àti Marseille. Ti Bordeaux wà ní Montparnasse, ti Strasbourg ní Gare de l'Est. Bíi wákàtí méjì ni Paris sí Lyon, Bordeaux náà ò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má torí ìyẹn rò pé Lyon sí Bordeaux yóò yá. Kò sí ojú irin ayárakánkán tó dá ilẹ̀ náà kọjá láàárín àwọn méjèèjì. Paris ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń gbà padà. Ẹ tètè ra tíkẹ́ẹ̀tì, ẹ kọ orúkọ yín sára àpótí, ẹ má sì dúró di ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn kí ẹ tó dé, nítorí ìṣẹ́jú méjì kí ọkọ̀ tó gbéra ni wọ́n ń ti ilẹ̀kùn.

Ohun tí mo lọ wò

Ọjọ́ kẹta tí mo dé Paris, ọ̀rẹ́ mi gba ìsinmi ọjọ́ kan níbi iṣẹ́. Kò sọ ìdí rẹ̀. Èmi ti ní ètò tèmi: Louvre láàárọ̀, Notre-Dame lọ́sàn-án, Eiffel nírọ̀lẹ́. Mo dé Louvre, ó tì, torí Túsìdeé ni. Mo ṣáà ń rìn kiri títí. Nígbà tí mo wọlé, ó kù díẹ̀ kí aago mẹ́wàá lù, ojúmọ́ ṣì wà lójú fèrèsé. Abọ́ méjì wà lórí tábìlì tí wọ́n dé. Ó ti se ẹ̀fọ́ rírò láti ọ̀sán, ó lọ ra ẹ̀fọ́ náà ní Château Rouge, kò sì fọwọ́ kan tirẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo dúró títí ó fi ti ibi iṣẹ́ dé. A gbé ọbẹ̀ àná kaná, a rokà láti inú èlùbọ́ ìyá rẹ̀. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí léèrè àwọn ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó bímọ, ẹni tó kọ́lé, ẹni tó kú tí wọn ò sọ fún un.