Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú lílo state machine fún iṣẹ́ onípele

Iṣẹ́ tó ń lọ ní ìpele-ìpele, tí èkejì kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ kí àkọ́kọ́ tó parí, ni state machine (ètò tó ń sọ ipò, ìyẹn state, tí nǹkan wà àti ipò tó lè bọ́ sí) wà fún. Ẹ jẹ́ ká fi ọjà títà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe àpẹẹrẹ: ọ́dà á bẹ̀rẹ̀ ní "pending" (ó ń dúró de owó), á di "paid" (wọ́n ti sanwó), lẹ́yìn náà "shipped" (ẹrù ti jáde). Láíbìrì kékeré bíi transitions tàbí django-fsm, tí àwọn tó ń kọ Python ń lò, ti tó láti ṣọ́ ìlànà yìí. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ èèyàn á fi aṣọ́nà sẹ́nu ọ̀nà tán, wọ́n á wá máa fo fẹ́ǹsì.

Fífo fẹ́ǹsì ni kí ẹ kọ order.state = "shipped" síbì kan nínú kóòdù. Láíbìrì kò ní yẹ nǹkan kan wò. Ẹrù á jáde láìsanwó. Tó bá jẹ́ django-fsm lẹ ń lò, ẹ fi protected=True sí FSMField (field tó ń tọ́jú ipò), kò sẹ́ni tó máa lè yí i ní tààràtà mọ́. Tó bá sì jẹ́ transitions, ẹ má ṣe tìtorí pé MachineError (àṣìṣe tí láíbìrì ń kéde tí ìgbésẹ̀ kan kò bá bá ìlànà mu) ń kún inú log (àkọsílẹ̀ ètò) kí ẹ lọ fi ignore_invalid_triggers=True pa á lẹ́nu mọ́. Ìkìlọ̀ yẹn gan-an lẹ torí ẹ̀ mú láíbìrì: ó ń sọ fún yín pé nǹkan kan fẹ́ kó ẹrù tí wọn ò tíì sanwó rẹ̀ jáde.

Ibi tó léwu jù lójú tèmi ni iṣẹ́ tí ẹ bá kó sínú callback (kóòdù tí láíbìrì máa ń pè fúnra rẹ̀ nígbà tí ipò bá ń yí padà). Ẹ má ṣe yọ owó nínú káàdì oníbàárà kí ẹ tó kọ ipò tuntun sínú dátábéèsì. Ká ní owó ti kúrò, dátábéèsì wá já kí "paid" tó wọlé. Ọ́dà ṣì wà ní "pending". Worker (ètò tó ń ṣe iṣẹ́ ọ́dà lábẹ́lẹ̀) á tún gbé e, á yọ owó lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ fi "charging" (a ń yọ owó lọ́wọ́) pamọ́, kí ẹ sì máa fi idempotency key (àmì ìdánimọ̀ ìbéèrè) kan náà ránṣẹ́ nígbàkigbà tí ẹ bá tún gbìyànjú, kí ilé iṣẹ́ tó ń gba owó lè mọ̀ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni. Ẹ má gbàgbé save() o: nínú django-fsm, ohun tó wà nínú mẹ́mórì nìkan ni transition (yíyí láti ipò kan sí òmíràn) ń yí padà, dátábéèsì kò tíì gbọ́ nǹkan kan.

Worker méjì tún lè ka "pending" lẹ́ẹ̀kan náà, kí state machine ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gbà fún un, torí èyí ò rí mẹ́mórì ìyẹn. Dátábéèsì ni kó dá wọn lẹ́jọ́:

UPDATE orders SET state = 'charging' WHERE id = 7 AND state = 'pending';

Bí iye row (ìlà inú dátábéèsì) tó yí padà bá jẹ́ 0, ẹlòmíràn ti ṣe é; kí worker yẹn dúró níbẹ̀.

Ẹ má tọ́jú is_paid, is_shipped àti is_cancelled, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, sẹ́gbẹ̀ẹ́ state. Ọ̀nà 8 ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lè gbà para pọ̀, àwọn kan níbẹ̀ kò sì nítumọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni "retry1" àti "retry2" kì í ṣe ipò. Nọ́ńbà iye ìgbà tí ẹ ti tún gbìyànjú ni, ẹ fi í sí column tirẹ̀.

Èyí tó máa ń pẹ́ kó tó hàn ni yíyí orúkọ ipò padà. Kóòdù tuntun á ti jáde, àwọn ọ́dà àtijọ́ á ṣì máa jẹ́ orúkọ àtijọ́ nínú dátábéèsì, láíbìrì kò sì mọ orúkọ náà mọ́. Ẹ jẹ́ kí orúkọ méjèèjì wà pa pọ̀ ná, kí ẹ yí gbogbo row àtijọ́ sí orúkọ tuntun, kí ẹ tó yọ ti àtijọ́ kúrò nínú kóòdù.