Láílọ́ọ̀nù Inú Páálí Kò Gba Oúnjẹ Yín Sílẹ̀: Àwọn Àṣìṣe Tó Ń Jẹ Owó Yín

Iṣẹ́ àyẹ̀wò páálí àti bébà tí a fi ń di oúnjẹ ni mò ń ṣe. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé owó á ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí òwò, páálí á ti kún yàrá, kí wọ́n tó wá bi mí pé, "Ṣé eléyìí dáa báyìí?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi mí kí ẹ tó sanwó.

1. Ìwé ìròyìn kì í ṣe bébà oúnjẹ. Tàdáwà rẹ̀ kì í gbẹ tán, ṣe ni epo inú rẹ̀ kàn ń rì sínú bébà.

2. Ẹ má wo ojú páálí nìkan, ẹ wo ikùn rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ bébà tán, wọ́n á ká a bí ẹní, ojú tó ní tàdáwà á wá lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn tí oúnjẹ máa fara kàn. Bí ITX, kẹ́míkà tó ń jẹ́ kí tàdáwà tètè gbẹ lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ iná, ṣe dé inú mílíìkì ọmọ ọwọ́ ní Ítálì lọ́dún 2005 nìyẹn.

3. Èyí ló ń dùn mí jù. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra páálí tí wọ́n fi bébà àlòkù ṣe, tí ẹ wá ń ti láílọ́ọ̀nù bọ inú rẹ̀, tí ọkàn yín sì balẹ̀, ta ló sọ fún yín pé ó tó? Ìwé ìròyìn àtijọ́ wà nínú páálí yẹn, epo tàdáwà rẹ̀ sì wà níbẹ̀. Epo yìí ń di atẹ́gùn díẹ̀díẹ̀, láìsí iná, láìsí oòrùn. Kò ní kí oúnjẹ fara kan páálí rárá, á gba inú láílọ́ọ̀nù lásán kọjá. Lọ́dún 2012, EFSA, àjọ ààbò oúnjẹ ilẹ̀ Yúróòpù, sọ pé apá kan nínú irú epo bẹ́ẹ̀ lè fa àrùn jẹjẹrẹ.

Obìnrin kan gbé ìyẹ̀fun tirẹ̀ wá. "Ẹ̀gbọ́n, láílọ́ọ̀nù wà nínú ẹ̀ o." Oṣù mẹ́ta ló ti wà nínú páálí. Mo ya ẹnu láílọ́ọ̀nù, òórùn páálí ló kọ́kọ́ kí mi, kì í ṣe ti ìyẹ̀fun. Imú ò lè dájọ́, a gbé e lọ síbi àyẹ̀wò: epo ti wọlé. Gbogbo ọjà yẹn ló dà nù. Ká ní ó lo àpò tó ní fóìlì tàbí PET, irú ike tí wọ́n fi ń ṣe ìgò omi, nínú ni, ìyẹn ì bá dí i lọ́nà.

Bébà tí epo kì í rin ńkọ́? Ẹ bi àwọn tó ń tà á bóyá PFAS, àwọn kẹ́míkà tí kì í jẹ́ kí epo àti omi rin bébà, ló wà lára rẹ̀. Láti oṣù keje ọdún 2020 ni Denmark ti fòfin dè é nínú bébà oúnjẹ.

Ẹ má sì ra èyí tí wọ́n yẹ̀ wò fún oúnjẹ gbígbẹ, kí ẹ wá da oúnjẹ gbígbóná ọlọ́ràá sí i.

Ti ìwé ẹ̀rí náà tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń tajà á na ìwé kan sí yín tó ní òfin Yúróòpù 10/2011, ẹ̀yin á sì máa yọ̀. Òfin ike nìyẹn. Ẹ bi wọ́n ní ti páálí: irú oúnjẹ wo, báwo ló ṣe gbóná tó, ọjọ́ mélòó. Bí wọn ò bá lè dá yín lóhùn, ẹ má sanwó.